Jẹ́lé-ó-sinmi àti owó káńsù: ohun tí mo fojú ara mi rí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí káńsù gbé jangilọ́fà wá sí ilé-ìwé wa ni Nánì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìsọ̀ tí mo ti ń ránṣọ ló wá bá mi. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ kíláàsì lé orí máṣíìnì, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú sí mi, Màmá. Agbára mi ò gbé e mọ́.” Ọdún kejì rẹ̀ nìyẹn tó ti ń bá wa tọ́jú àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà ládùúgbò wa, níbí ní mainland Èkó. ₦15,000 là ń san fún un lóṣù, àwa òbí la sì ń dá a láàárín ara wa. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, owó oṣù méjì ló wà lọ́rùn wa. Obìnrin yìí ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn ìyá láago méje àárọ̀. Òun ló ń nu ìdí, òun ló ń pààrọ̀ ṣòkòtò fún èyí tó bá tọ̀ sára, òun ló ń rẹ èyí tó bá ń sunkún ìyá rẹ̀. Ilé oúnjẹ kan ní Yábàá ti ní kó máa bọ̀ wá fọ abọ́ fún ₦25,000. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí láìgbé ẹsẹ̀ lé máṣíìnì.

Ọdún 2018 nìyẹn. Lónìí, nánì méjì ló wà ní kíláàsì náà, káńsù ló sì ń san owó wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà kì í fìgbà gbogbo wọlé lásìkò. Àwọn òbí láti ilé-ìwé mìíràn máa ń wá bá mi ní ìsọ̀ pé kí n sọ ọ̀nà tí a gbà. Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu títí. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, tòun ti ibi tí a ti ṣìnà, kí ẹlòmíràn má baà fi ọdún méjì wá ohun tó yẹ kó fi oṣù méjì rí. Mi ò ní dárúkọ káńsù náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn mi ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù September 2016 ni mo fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé-ìwé náà, ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ilé-ìwé aládàáni tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ti gbówó lérí, ẹni tó ń ránṣọ tuntun ò sì pọ̀ lọ́dún náà. Ẹni tó bá wà ní Èkó lásìkò yẹn á rántí bí nǹkan ṣe le tó.

Inú ọ̀kan nínú àwọn ilé gbọọrọ ayé Jákáńdè ni wọ́n fi kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi sí. Ohun ńlá ni Jákáńdè ṣe. Látìgbà tó ti di gómìnà ní 1979 ló ti dojú kọ ilé-ìwé aláàárọ̀-àti-ọ̀sán, tó ń kọ́ kíláàsì kárí Èkó kí gbogbo ọmọ lè máa lọ sílé-ìwé láàárọ̀. Àmọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti sẹ́kọ́ńdìrì ló wà lọ́kàn àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyẹn. Tí ọmọ ọdún mẹ́ta bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀, tábìlì á sì bá a ní àgbọ̀n. Ẹní ni wọ́n tẹ́ fún wọn. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ mú ọmọ mi, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kà wọ́n: ọmọ 61, olùkọ́ 1, nánì 1.

Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè, ẹ̀dà ti 2013, ti sọ pé ọmọ 25 ni kí olùkọ́ kan máa mójú tó ní irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, tó sì ti fi ọdún kan tó ṣáájú Prámárì 1 kún ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè fún gbogbo ọmọ. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ojú ń pọ́n Nánì lọ.

Orúkọ tí à ń pè é gan-an wà lára ohun tó ń fa wá sẹ́yìn. Jẹ́ kí ilé ó sinmi. Bí ẹni pé àgbàlagbà tó wà nílé la tìtorí rẹ̀ kó ọmọ jáde. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé káńsù, akọ̀wé kan tó fi sùúrù gbà mí ní, “Ìyá, àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB là ń wá owó fún báyìí. Àwọn tiyín, ṣebí kí ilé lè sinmi ni?” Kò sọ ọ́ láti fi bú mi. Ohun tó gbà gbọ́ ló sọ, èmi náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́ tẹ́lẹ̀ rí. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí kíláàsì náà ni mo tó rí i pé ọmọ kì í sinmi níbẹ̀. Ọmọ tó dé ní September tí kò lè la ẹnu pe orúkọ bàbá rẹ̀ fún àlejò, kí ó tó di Ọdún Àjíǹde ó ti ń to ìdérí ìgò ní aláwọ̀ aláwọ̀, ó ti ń dúró de ẹnìkejì rẹ̀ kó tó bu omi, ó ti ń kọrin ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Àwọn tó wọ Prámárì 1 láìkọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá, olùkọ́ wọn á fi odindi táàmù kọ́ wọn bí a ṣe ń jókòó.

Ní 2017 ni wọ́n yàn mí sí SBMC, ìgbìmọ̀ tí òbí, olùkọ́ àti ará àdúgbò fi ń bá ilé-ìwé ṣe àkóso. Lọ́jọ́ 22 oṣù July ọdún náà la dìbò káńsù ní Èkó, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta tí kò ti sí alága tí ará ìlú fi ìbò yàn. Inú wa dùn pé a ti rí ẹni tí a máa bá sọ̀rọ̀. Ní November, a kọ lẹ́tà olójú ìwé mẹ́ta. Nǹkan mẹ́jọ la bèèrè: ẹní, àga kéékèèké, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi, ìwé alàwòrán, ohun ìṣeré, owó Nánì, àti ọgbà tí yóò dí ojú títì. Bí ẹ bá wò ó, ẹ ó rí i pé ìkeje la fi Nánì sí. Àwa fúnra wa la gbé e sẹ́yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, oṣù May 2018, ọkọ̀ akẹ́rù wọlé. Jangilọ́fà onírin ni, ìjókòó mẹ́rin, pupa àti àwọ̀ ewé. Wọ́n ta rìbọ́nù, alága gé e, wọ́n ya fọ́tò, àwọn ọmọ jó. Èmi náà jó. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn dénú.

Orí sìmẹ́ńtì ni wọ́n rì í mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọkùnrin kan já bọ́, ó fi ọwọ́ gúnlẹ̀, egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Nánì ló gbé e pọ̀n sáré lọ sí ilé ìwòsàn, gbogbo ọmọ yòókù sì kù sọ́wọ́ olùkọ́ kan ṣoṣo títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ní kí wọ́n fi ṣéènì de jangilọ́fà náà mọ́lẹ̀. Kò pé ogúnjọ́ sí i tí Nánì gbé kọ́kọ́rọ́ wá fún mi.

Mi ò bínú sí àwọn tó fún wa ní jangilọ́fà. Ọmọ nílò eré bó ṣe nílò oúnjẹ. Ohun tó yé mi lọ́jọ́ náà ni pé ohun tó bá ní ọjọ́ ṣíṣí máa ń tètè rí owó. Iṣẹ́ ẹni tó ń nu ìdí ọmọ lójoojúmọ́ kò ní ọjọ́ ṣíṣí. Kò sí ọjọ́ kan tí a lè pe àlejò sí i pé ẹ wá wò ó, ó ti parí.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí mò ń ránṣọ fún, tó fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ owó ní káńsù kí ó tó fẹ̀yìn tì. Oṣù July ọdún yẹn ló wá wọn bùbá wò, mo sì ń ro ẹjọ́ fún un, pé a kọ lẹ́tà, pé a bẹ̀bẹ̀, pé jangilọ́fà la rí gbà. Ó bi mí pé, “Oṣù wo lẹ kọ lẹ́tà?” Mo ní November. Ó mi orí. Ó ní, “Àbúrò, ní November, wọ́n ti pín ẹran tán. Egungun lẹ bá nísàlẹ̀ ìkòkò.”

Ó wá mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń fa ìlà sára aṣọ, ó fa àpótí mẹ́ta sórí tábìlì ìgéṣọ mi. Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀.

Àpótí àkọ́kọ́, ó ní, ni ti Àbújá. Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀, òfin náà sì ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìdá 2 nínú 100 owó tó wọ àpò gbogbogbòò ìjọba àpapọ̀ ló wà fún iṣẹ́ yìí. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi owó tirẹ̀ náà lélẹ̀. Nínú ohun tí ìpínlẹ̀ bá gbà, ìdá 5 nínú 100 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké, 60 fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 35 fún sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Kíláàsì, ìwé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni owó yẹn wà fún. Kì í ṣe owó oṣù.

Àpótí kejì ni àpò àjọni tí òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé kí ìpínlẹ̀ ní pẹ̀lú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Owó ìpín káńsù láti Àbújá ń gba ibẹ̀ kọjá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìyókù tó dé káńsù, SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ló sì ń gba olùkọ́ síṣẹ́. Ẹnu yà mí. Mo ti ń rò pé káńsù ò náwó kankan lórí ilé-ìwé. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń san olùkọ́ láti ọjọ́ yìí, a kàn kì í rí i kó gba ọwọ́ alága jáde ni.

Àpótí kẹta ni ohun tó kù sí káńsù lọ́wọ́, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń rí nínú ìsọ̀ ọjà, ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù, gáréèjì, ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù, àti ìpín wọn nínú owó ilé tí ìpínlẹ̀ ń gbà. Ẹ̀gbọ́n tún rán mi létí pé ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni òfin orílẹ̀-èdè mọ̀ ní Èkó. Nígbà tí ìpínlẹ̀ dá káńsù tuntun 37, tí wọ́n ń pè ní LCDA, kún un ní 2003, owó ìpín láti Àbújá kò pọ̀ sí i. Owó 20 ni káńsù 57 ń jọ jẹ.

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, “Nánì yín, inú àpótí wo ló wà?”

Mo wo tábìlì náà títí. Kò sí nínú ọ̀kankan. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ SUBEB, kì í ṣe òṣìṣẹ́ káńsù, kì í ṣe kíláàsì tí a ń kọ́, kì í ṣe ìwé tí a ń rà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbogbo ọ́fíìsì tí mo wọ̀ ló ń fi mí ránṣẹ́ sí òmíràn, tí ẹni tó ń lé mi lọ kò sì rò pé òun ṣẹ̀ mí.

Mi ò nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n ní kí a má bèèrè nǹkan mẹ́jọ mọ́. Ẹyọ kan ni kí a bèèrè, kó ní iye, kó ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kó sì dé káńsù kí oṣù September tó parí. Ó ní kí ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa, nítorí alága ló ń gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì wá, àwọn káńsẹ́lọ̀ ló sì ń fọwọ́ sí i kó tó di òfin. Ó ní kí a rí i pé wọ́n lu sítáǹbù lórí ẹ̀dà tiwa pẹ̀lú déètì. Ọ̀rọ̀ sítáǹbù yìí, mo rò ó sí ohun kékeré nígbà náà.

A jókòó sí yàrá olùkọ́, a ṣírò. ₦18,000 ni owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè nígbà yẹn, àti 2011 ló sì ti wà bẹ́ẹ̀. A ní nánì méjì, ₦20,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, oṣù 12: ₦480,000. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a fi mọ sí oṣù 9 torí ọlidé. Mo kọ̀. Nánì máa ń jẹun nígbà ọlidé, ilé rẹ̀ kì í dúró de táàmù. A fi kún un pé ọmọ 25 ni ìwé orílẹ̀-èdè sọ, pé 61 la ní. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀.

A tún pe káńsẹ́lọ̀ wa pé kó wá láago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó má wá lọ́sàn-án. A kò ṣe ètò kankan dè é. Ó bá olùkọ́ nìkan pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mẹ́ta ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ti tọ̀ sára, ọ̀kan ń gbìyànjú àtijáde sí títì, olùkọ́ sì ní ọmọ kan lápá, ó di òmíràn mú ní kọ́là. Ọmọbìnrin kan tí imú rẹ̀ ń yọ rìn wá bá káńsẹ́lọ̀, ó di ìka rẹ̀ mú, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ti sọ fún wa pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lòun ní. Ààbọ̀ wákàtí ló lò níbẹ̀, tí ọmọ náà di ìka rẹ̀ mú. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló máa ń ṣe gbogbo èyí tẹ́lẹ̀, mo sì sọ fún un.

Ìpàdé ìta gbangba lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì wáyé ní October. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa lọ sí i. Àwọn tó máa ń lọ ni ẹgbẹ́ ọlọ́jà, àwọn onímọ́tò, àwọn bàbá àdúgbò tó fẹ́ kí wọ́n la gọ́tà. Gbogbo wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àmọ́ mi ò rí ẹni tó wá nítorí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kàn mí, Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Ọdún náà gan-an ni Èkó ṣe òfin láti gbé èdè Yorùbá lárugẹ, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wa náà sì máa ń fi Yorùbá jókòó lọ́jọ́bọ̀. Kò sí ìdí tí ìyá kan á fi pa ọ̀rọ̀ mọ́ inú nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Mo ka iye ọmọ, mo ka iye owó, mo sọ ti Nánì.

Bàbá kan dìde, ó ní kí ló dé tí àwọn ìyá òde òní ò lè jókòó ti ọmọ wọn títí wọ́n á fi tó ilé-ìwé lọ. Kí n tó la ẹnu, ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ọ̀yìngbò ti dá a lóhùn: “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ti ń wà lọ́jà. Tí mo bá jókòó ti ọmọ, kí ni ọmọ náà á jẹ?” Bàbá ò bínú. Ó ní ó yé òun. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́, ó nawọ́.

₦240,000 ni wọ́n fi sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì 2019, ìdajì ohun tí a bèèrè. Wọ́n pè é ní ìrànlọ́wọ́ fún olùtọ́jú ọmọ. Oṣù March ni owó àkọ́kọ́ jáde. Mo lọ bá Nánì ní ilé oúnjẹ Yábàá, mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ó wò ó, ó wò mí, ó bú sẹ́kún.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló ti dára tán. March 2020, kòrónà ti ilé-ìwé pa, owó náà sì dúró, wọ́n ní kò sí ọmọ tí à ń tọ́jú. Oṣù July 2021, ìbò dé, alága yí padà, káńsẹ́lọ̀ yí padà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, fáìlì wa ò sí mọ́, ọ̀nà tiwa nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ti pòórá. Akọ̀wé tuntun ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, òótọ́ ló sì sọ. Ìgbà náà ni sítáǹbù wúlò. Mo ní ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà wa nínú àpò náílọ́ọ̀nù kan lábẹ́ àpótí òwú mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú déètì àti ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á. Mo tò wọ́n sórí tábìlì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó náà padà sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì 2022, fún nánì méjì lọ́tẹ̀ yìí.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ sọ nípa ilé ìwòsàn káńsù, ìyẹn PHC, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí bí nǹkan ṣe máa ń rọrùn tí ẹni tó ń ṣe é bá ti wà nínú ìwé owó oṣù. Nígbà ọ̀sẹ̀ ìlera ìyá àti ọmọ, nọ́ọ̀sì wọn máa ń fẹsẹ̀ rìn wá sí kíláàsì wa. Ó máa ń fún àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní fítámì A: ó máa ń gé orí hóró pupa náà, ó sì ń kán an sí wọn lẹ́nu. Àwọ̀ búlúù wà fún àwọn tí kò tíì pé ọdún kan. Ó máa ń fún wọn lóògùn aràn. Lẹ́yìn náà á mú téèpù kékeré kan jáde, á fi wọn òkè apá òsì wọn. Èmi tí mo ti fi téèpù wọn apá ènìyàn láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mi ò rí irú téèpù yẹn rí. Àwọ̀ ló wà lára rẹ̀. Ewé, tí apá bá tó sẹ̀ǹtímítà 12.5. Ìyeyè, tí kò bá tó bẹ́ẹ̀. Pupa, tí kò bá tó 11.5.

Lọ́dún 2022, téèpù náà dúró sórí ìyeyè lára ọmọkùnrin kan tí gbogbo wa rò pé ó kàn rí tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ìyá àgbà rẹ̀ ló ń tọ́ ọ, ẹ̀kọ àti omi ọbẹ̀ ló sì ń fún un. Nọ́ọ̀sì jókòó tì í, kò bá a wí. Ó ní kó máa lọ ẹ̀wà àti ẹ̀pà mọ́ ògì, kó máa fi edé sí i, kó sì mú un wá sí PHC lọ́sẹ̀ méjì méjì. Nígbà tó fi di táàmù kejì, ọmọ náà ti wà ní àwọ̀ ewé. Kò sí lẹ́tà tí a kọ, kò sí ìpàdé tí a ṣe. Owó oṣù nọ́ọ̀sì wà nínú ìwé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń lọ.

Ọdún yẹn náà ni káńsù kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún wa. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kó àwo ìgbọ̀nsẹ̀ àgbàlagbà wá, irú èyí tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè jìn sí. Mo mú téèpù mi lọ, mo wọn ogún ọmọ láti abẹ́ orúnkún dé ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 22 sí 26. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo gbé e fún ọ̀gá àwọn bíríkìlà. Ó dúpẹ́, ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé àwọn ọmọ kéékèèké ló ni ín. Ó pààrọ̀ wọn láìfi kọ́bọ̀ kún owó iṣẹ́.

Lọ́jọ́ 11 oṣù July 2024, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kó má gba ọwọ́ ìpínlẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ló yọ̀. Mo gba ilé olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lọ, ìyá tó kọ́ mi ní Prámárì 4. Kò yọ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, a ti rí èyí rí.” Ó rán mi létí ọdún 1991, nígbà tí ìjọba Babangida tú àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lórílẹ̀-èdè ká, tó kó ilé-ìwé lé káńsù lọ́wọ́. Níbi púpọ̀, olùkọ́ ṣiṣẹ́ oṣù bíi mélòó kan láìgba owó. Ìyanṣẹ́lódì pọ̀ débi pé ní 1993 ìjọba dá àjọ náà padà. Ó ní ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, fi máa ń fòyà tí wọ́n bá ti dárúkọ òmìnira ìjọba ìbílẹ̀.

Èmi fara mọ́ ìdájọ́ náà. Mo fẹ́ kí owó sún mọ́ wa, kí n lè mọ ilẹ̀kùn tí mo máa kàn. Àmọ́ mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá náà pẹ̀lú. Tí owó bá dé káńsù tí kò sí ọ̀nà tí a kọ orúkọ ọmọ ọdún mẹ́ta sí, ibi tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ náà ló máa lọ. Owó oṣù olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí a ti máa yọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìyókù, yálà ní Àbújá, ní Ikẹja tàbí ní káńsù. Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ ò gbowó, ta ló fẹ́ bá a pa ẹkún?

Àbígbẹ̀yìn mi ti wọ JSS 2 báyìí, ó ga jù mí lọ. Àwọn òbí kan bi mí pé kí ló kù tí mò ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ 54 ló wà ní kíláàsì náà táàmù yìí, olùkọ́ 1, nánì méjì. ₦35,000 ni nánì kọ̀ọ̀kan ń gbà, bẹ́ẹ̀ láti 2024 ni òfin ti sọ pé owó oṣù tó kéré jù jẹ́ ₦70,000. A ti tú ṣéènì ara jangilọ́fà náà. Àwọn òbí da iyanrìn sábẹ́ rẹ̀ dé kókósẹ̀, nánì kan á sì dúró tì í tí wọ́n bá ń fì.

Oṣù September 2025 la wà. A dìbò káńsù lọ́jọ́ 12 oṣù July tó kọjá, káńsẹ́lọ̀ wa tuntun ò sì tíì rí kíláàsì wa rí. Mo ti pè é fún ọjọ́ Ajé, aago méje ààbọ̀. Lẹ́tà ọdún yìí wà nínú àpò náílọ́ọ̀nù pẹ̀lú àwọn ti tẹ́lẹ̀, ojú ìwé kan, ẹ̀dà mẹ́ta: olùkọ́ kan sí i, nánì méjì ní ₦70,000, oṣù 12. Láàárọ̀ ọ̀la, tí mo bá ti fi ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ti ìsọ̀, mò ń gbé e lọ fún sítáǹbù.